Ife-Ẹ̀yẹ Tí Àwọn Obìnrin Fi Ọwọ́ Ara Wọn Dá Sílẹ̀

      

Níwọ̀n bí ó ti jẹ́ ìṣe wa lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti mú ọ̀rọ̀ kan, kí a tú u palẹ̀, kí a sì yẹ inú rẹ̀ wò bóyá a ó rí ẹ̀kọ́ tí yóò bá wa dé ilé, ọ̀rọ̀ eré ìdárayá ni mo gbé wá fún yín lónìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ìyá mi tí ẹ máa ń wí pé ọ̀rọ̀ eré kò kàn yín, ẹ má tíì pa rédíò yín. Èyí kàn yín ju bàbá tí ó jókòó tì yín lọ. Eré tẹ́níìsì ni, eré oníráákẹ́ẹ̀tì. Ìdíje kan ni, nínú èyí tí àwọn obìnrin orílẹ̀-èdè kan ti ń kojú àwọn obìnrin orílẹ̀-èdè mìíràn. Billie Jean King Cup ni ayé ń pè é lónìí. Àwọn tí ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń gbọ́ ìròyìn eré mọ̀ ọ́n sí Fed Cup. Ǹjẹ́ ẹ ti gbọ́ ọ rí?

Kókó ọ̀rọ̀ mi kò gùn. Kò sí ẹni tí ó ṣàdédé gbé ife yìí lé àwọn obìnrin lọ́wọ́. Wọ́n bèèrè rẹ̀, wọ́n ní kò sí. Wọ́n mú sùúrù, ṣùgbọ́n wọn kò gbàgbé. Nígbà tí àkókò tó, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn dá a sílẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni a ó máa padà sí títí ètò yìí yóò fi parí.

Ní ọdún 1900 ni àwọn ọkùnrin ti ní ife tiwọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Dwight Davis, tí ó kàwé ní Harvard ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni ó fi owó ara rẹ̀ ra àwo fàdákà ńlá kan, tí ó sì wí pé ikọ̀ orílẹ̀-èdè tí ó bá borí ni kí ó máa gbé e relé. Bẹ́ẹ̀ ni Davis Cup ṣe bẹ̀rẹ̀, tí àwọn ọkùnrin sì ti ń tìtorí rẹ̀ làágùn láti ìgbà náà wá. Obìnrin ńkọ́? Ṣé obìnrin kì í gbá tẹ́níìsì láyé ìgbà náà ni? Wọ́n ń gbá a o. Láti ọdún 1884 ni obìnrin ti ń díje ní Wimbledon ní ìlú Lọ́ńdọ́nù, pẹ̀lú yẹ̀rì gígùn tí ń wọ́lẹ̀ nídìí wọn, tí wọ́n sì ń sáré tẹ̀lé bọ́ọ̀lù bí ẹni pé aṣọ náà kò wúwo. Wọ́n mọ̀ ọ́n gbá. Ife tí ilẹ̀ wọn yóò fi rán wọn níṣẹ́ ni kò sí.

Ìgbà náà ni Hazel Hotchkiss Wightman dìde. Èèyàn kúkúrú ni obìnrin yìí, ọmọ bíbí California tí ó relé ọkọ ní agbègbè Boston. Abiyamọ ni. Ní ọdún 1919, ọdún kan náà tí ó gba ife-ẹ̀yẹ àwọn obìnrin ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ìgbà kẹrin, lẹ́yìn tí ó ti bímọ, tí ó ti ń tọ́mọ, tí àwọn kan sì ti rò pé ilé ìdáná ni yóò kù sí, ni ó mú àbá kan wá: pé kí a jẹ́ kí àwọn obìnrin orílẹ̀-èdè gbogbo tí wọ́n ń gbá tẹ́níìsì máa fi ikọ̀ kojú ikọ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọkùnrin ti ń ṣe. Kí ni àwọn àgbààgbà eré náà dá a lóhùn? Wọn kò gbà.

Ẹlòmíràn ì bá ká ọwọ́ lérí. Ẹlòmíràn ì bá lọ sílé lọ sunkún. Wightman ra ife fàdákà kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1923, ní pápá Forest Hills ní New York, àwọn obìnrin Amẹ́ríkà àti ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì du ife náà fún ìgbà àkọ́kọ́, òun tìkára rẹ̀ sì ni olórí ikọ̀ ilẹ̀ rẹ̀. Gbogbo ayé ni ó ní lọ́kàn, orílẹ̀-èdè méjì péré ni ó rí kó jọ. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ẹni tí kò rí ẹ̀kún agbọ̀n, ẹ̀kún ọwọ́ ni yóò kọ́kọ́ bù. Ọdún gorí ọdún, wọ́n ń gbá Wightman Cup yìí títí di ọdún 1989.

Orí pápá Wightman Cup yìí náà ni Althea Gibson ti gbé ráákẹ́ẹ̀tì fún Amẹ́ríkà ní 1957 àti 1958. Ẹ ò rántí Althea? Ọmọ àwọn àgbẹ̀ oko òwú ní South Carolina, tí ó dàgbà sí Harlem, ẹni dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba ife Wimbledon, tí Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé àmì-ẹ̀yẹ fún. Orílẹ̀-èdè tí kì í jẹ́ kí irú rẹ̀ wọ ọ̀pọ̀ pápá ìdíje nígbà tí ó wà léwe ni ó wá gbé àsíá rẹ̀ lé e léjìká. Èyí tí wọ́n kọ̀ sílẹ̀ lánàá ni wọ́n ń bẹ̀ níṣẹ́ lónìí.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tan rédíò yín, ẹ káàbọ̀. Ife-ẹ̀yẹ tẹ́níìsì tí àwọn obìnrin orílẹ̀-èdè ayé ń du ni à ń sọ. A ní wọ́n bèèrè, wọ́n ní kò sí. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ bí ó ṣe wá di pé ó wà.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò yóò pe baba. Ogójì ọdún ó lé díẹ̀ ni àbá Wightman fi sùn, kò kú. Obìnrin méjì ni ó jí i. Èkíní ni Nell Hopman, ará Ọsirélíà, ìyàwó Harry Hopman tí ó jẹ́ olórí ikọ̀ Davis Cup àwọn ọkùnrin ilẹ̀ náà. Lójoojúmọ́ ni ó ń rí ohun tí ife orílẹ̀-èdè ń ṣe fún àwọn ọmọkùnrin tí ọkọ rẹ̀ ń tọ́, ó sì ń bi ara rẹ̀ léèrè pé àwọn ọmọbìnrin ńkọ́. Èkejì ni Mary Hardwick Hare, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń gbé Amẹ́ríkà. Ẹ gbọ́ ọgbọ́n tí obìnrin yìí ta. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ìwé ni ó kó jọ. Ó kó ẹ̀rí jọ lórí ẹ̀rí, pé àwọn tí ó fẹ́ ìdíje yìí pọ̀ káàkiri ayé. Ní ọdún 1962 ni ó sì gbé gbogbo rẹ̀ kalẹ̀ síwájú àjọ tí ń ṣàkóso tẹ́níìsì lágbàáyé. Àwọn tí ó ń wí pé kò ṣeé ṣe kò rí ọ̀rọ̀ sọ mọ́. Wọ́n gbà.

Ní ọdún 1963, nígbà tí àjọ náà pé àádọ́ta ọdún, orílẹ̀-èdè mẹ́rìndínlógún kó àwọn obìnrin wọn wá sí Queen's Club ní Lọ́ńdọ́nù. Kò sí owó ẹ̀bùn kankan. Ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó gbọ́ bùkátà ara rẹ̀. Síbẹ̀ wọ́n wá, kì í sì í ṣe àwọn tí kò ríṣẹ́ ṣe ni ó wá. Àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ eré náà ni. Amẹ́ríkà àti Ọsirélíà ni ó dé àṣekágbá. Margaret Smith ti Ọsirélíà fàgbà han ẹni tí ó kò ó lójú. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún kan láti Amẹ́ríkà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Billie Jean Moffitt, náà fàgbà han ẹni tirẹ̀. Ó di ọ̀kan sí ọ̀kan. Ó wá ku kí wọ́n gbá a ní méjì sí méjì. Ọsirélíà gba abala kìíní. Abala kejì sì fà, ó fà, ó fà gùn títí tí ó fi dà bí ẹni pé ilẹ̀ yóò ṣú bá wọn, kí Amẹ́ríkà tó rí i gbà, kí ó sì tó wá borí pátápátá ní abala kẹta. Ẹ di orúkọ ọmọge yẹn mú, Billie Jean. A ó tún pàdé rẹ̀ níwájú.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan nínú yín máa bi mí pé: ṣebí tẹ́níìsì kan náà ni wọ́n ń gbá níbi gbogbo, kí ni ó wá mú ti ife yìí yàtọ̀? Ìbéèrè rere ni. Tẹ́níìsì, láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, eré àdáṣe ni. Ẹni tí ó bá wọ pápá, òun nìkan ni. Bí ó bá jèrè, àpò ara rẹ̀ ni owó náà ń bọ́ sí. Bí ó bá pàdánù, òun nìkan ni yóò gbé ojú rẹ̀ pamọ́. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ìjàkadì abẹ́ òṣùpá láyé àwọn baba wa. Bí ọmọ agbo ilé kan bá ń bá ọmọ agbo ilé rẹ̀ wọ̀dìmú, ẹ̀rín ni gbogbo èèyàn ń rín. Lọ́jọ́ tí abúlé kejì bá gbé ìlù wọn dé ńkọ́? Lọ́jọ́ tí onílù bá fi oríkì baba ńlá rẹ sí ọ létí ńkọ́? Lọ́jọ́ náà, ẹ̀yìn rẹ kì í ṣe tìrẹ nìkan mọ́. Bí ó bá kanlẹ̀, ẹ̀yìn odidi abúlé ni ó kanlẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìdíje yìí rí. Láyé òde òní, bí orílẹ̀-èdè méjì bá pàdé ní ìpele ìkẹyìn, ẹnìkan sí ẹnìkan ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbá, ní ẹ̀ẹ̀mejì. Bí ó bá di ọ̀kan sí ọ̀kan, a ó gbá a ní méjì sí méjì láti mọ ẹni tí yóò lọ àti ẹni tí yóò kù. Olórí ikọ̀ á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ pápá, á máa gba ọmọ rẹ̀ níyànjú. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á tò lẹ́yìn, wọn á máa pariwo orúkọ rẹ̀. Ẹni tí ó bá a jà bí ọ̀tá ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá lè jẹ́ ẹni tí yóò fún un lómi mu lónìí.

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2024 ní ìlú Málaga ní ilẹ̀ Sípéènì. Ilẹ̀ Poland ní Iga Swiatek, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tí ó mọ tẹ́níìsì gbá jùlọ lórí ilẹ̀ ayé. Wọ́n bá Ítálì pàdé. Ítálì gba ti àkọ́kọ́. Swiatek jáde, ó gba èkejì lọ́wọ́ Jasmine Paolini. Gbogbo rẹ̀ wá ku sórí méjì sí méjì. Ítálì ní àgbà obìnrin kan, Sara Errani, ẹni tí ó ti lé ní ọmọ ọdún márùndínlógójì, tí ọ̀pọ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi eré sílẹ̀, tí wọ́n ti lọ jókòó sílé. Àgbà kò tán lórí pápá. Errani dúró ti Paolini, Paolini dúró ti Errani, wọ́n sì fàgbà han Swiatek àti ẹnìkejì rẹ̀. Ítálì kọjá sí àṣekágbá, wọ́n ṣẹ́gun Slovakia, wọ́n gbé ife. Ní ọdún 2025, ní Shenzhen ní ilẹ̀ Ṣáínà, wọ́n tún ṣẹ́gun Amẹ́ríkà, wọ́n tún gbé e. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Ẹni tí ó dára jùlọ lè wà nínú ilé yín. Bí kò bá sí ẹni tí yóò bá a gbá a, ilé ẹlòmíràn ni ife ń lọ.

Ǹjẹ́ ẹ sì mọ̀ pé ife yìí ti pa ọmọ tí ó sá nílé lẹ́kún rí? Martina Navratilova ni mo ń sọ. Ní ọdún 1975, ní ilẹ̀ Faransé, ọmọdébìnrin yìí wà nínú ikọ̀ Czechoslovakia tí ó gba ife náà. Ilẹ̀ rẹ̀ bu iyì fún un lọ́wọ́ kan, ìjọba sì ń fún un lọ́rùn lọ́wọ́ kejì, wọ́n fẹ́ máa sọ ibi tí yóò lọ àti ibi tí kò gbọdọ̀ lọ. Kí ọdún náà tó parí, ọmọ ọdún méjìdínlógún ni ó jẹ́ nígbà tí ó sá sábẹ́ ààbò Amẹ́ríkà. Ó fi ìyá àti baba sílẹ̀. Ìjọba sì ṣe bí ẹni pé a kò bí i rí.

Odò kì í ṣàn kí ó gbàgbé orísun. Ní ọdún 1986, ìlú Prague, olú-ìlú ilẹ̀ tí a ti bí i, ni ó gba àlejò ìdíje yìí. Ta ni ó bá ikọ̀ Amẹ́ríkà wọ̀lú? Martina. Ọdún mọ́kànlá ti kọjá. Àwọn aláṣẹ kò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ará ìlú tí ó kún pápá dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń ké, wọ́n ń kí ọmọ wọn káàbọ̀, bẹ́ẹ̀ ikọ̀ ilẹ̀ tiwọn ni ó wá nà. Amẹ́ríkà borí Czechoslovakia ní àṣekágbá lójú gbogbo wọn. Omijé bọ́ lójú Martina. Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, ta ni ì bá mú ọmọ yẹn padà délé lọ́jọ́ náà, bí kì í bá ṣe ife tí wọ́n ti ní kò sí fún obìnrin?

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, kókó wa kò yí padà. Wọ́n bèèrè, wọ́n ní kò sí. Wọ́n dá a sílẹ̀. Ó sì di ńlá.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ ọmọge ọjọ́ náà lọ́hùn-ún. Billie Jean Moffitt relé ọkọ, ó di Billie Jean King. Onígíláàsì tí ń rí òdìkejì àwọ̀n kí bọ́ọ̀lù tó dé. Obìnrin bí obìnrin. Ọmọ panápaná ìlú Long Beach ni. Panápaná ni baba, ṣùgbọ́n iná tí ọmọ dá, kò sí panápaná tí ó lè pa á. Ní ọdún 1970, nígbà tí àwọn tí ń ṣètò ìdíje ń fún ọkùnrin ní owó rẹpẹtẹ, tí wọ́n sì ń ju ìwọ̀nba díẹ̀ sí àwọn obìnrin, òun àti àwọn obìnrin mẹ́jọ mìíràn tẹ́wọ́ gba dọ́là kan péré lọ́wọ́ obìnrin kan tí ń jẹ́ Gladys Heldman, wọ́n fọwọ́ síwèé, wọ́n sì dá ìrìn-àjò ìdíje tiwọn sílẹ̀. Dọ́là kan! Àwọn olórí eré bínú sí wọn. Wọn kò bojú wẹ̀yìn. Ní ọdún 1973, ó kó àwọn obìnrin tẹ́níìsì jọ sínú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, èyí tí ó wà títí di òní. Ọdún yẹn kan náà ni ìdíje ńlá ilẹ̀ Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í san iye owó kan náà fún ọkùnrin àti obìnrin. Ọdún yẹn náà ni ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Bobby Riggs, tí ó ti gba Wimbledon nígbà èwe rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́nnu pé obìnrin kò lè na òun bí òun tilẹ̀ ti darúgbó. Billie Jean bá a pàdé ní Houston, níṣojú ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn tí ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n. Ó nà án. Abala mẹ́ta ni, ó sì gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Nígbà tí ó di ọdún 2020, àjọ tẹ́níìsì àgbáyé jókòó, wọ́n yí orúkọ ife náà padà, wọ́n fi orúkọ Billie Jean King sọ ọ́.  Eré tí àwọn àgbààgbà rẹ̀ ti kọ àbá Wightman láyé àwọn ìyá àgbà wa ni ó wá fi orúkọ obìnrin ṣe àkọlé ìdíje rẹ̀. Ṣé ẹ rí i? Ẹni tí ó bá rọjú dúró dìgbà ni ìgbà ń dá láre.

Lónìí, orílẹ̀-èdè tí ń du ife yìí lé ní ọgọ́rùn-ún. Àwọn ọmọ Áfíríkà ń kópa. Ons Jabeur, ọmọ ilẹ̀ Tunisia tí ó dé àṣekágbá Wimbledon ní ẹ̀ẹ̀mejì, ti gbá a fún ilẹ̀ rẹ̀. Nàìjíríà tiwa náà ní ikọ̀ tirẹ̀ ní ẹkùn Áfíríkà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bá ara wa sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Mélòó nínú wa ni ó lè dárúkọ ọmọbìnrin kan ṣoṣo nínú ikọ̀ náà? Àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, a mọ̀ wọ́n bí ẹni mowó. Ọmọbìnrin tí ń sapá ní ìdájí lórí pápá tẹ́níìsì, tí ráákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò dọ́gba mọ́, tí bàtà rẹ̀ ti lu, ta ní í ki oríkì rẹ̀?

Nítorí náà ni mo ṣe ní ọ̀rọ̀ bá àwọn èèyàn mẹ́ta sọ kí n tó lọ.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọbìnrin yín bá ń fi pákó gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri, ẹ má sọ fún un pé eré ọkùnrin ni, ẹ má sì wí pé yóò pa á láwọ̀ dà. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ fún un láyè. Ẹ tẹ̀lé e dé pápá lọ́jọ́ kan, kí ó rí ojú yín.

Ẹ̀yin alága ẹgbẹ́ tẹ́níìsì, láti Oníkan ní Èkó títí dé àwọn pápá kéékèèké tí ó wà nínú àwọn ìlú wa, ẹ má dá àwọn ọmọbìnrin sí ẹyọ ẹyọ. Ẹ kó wọn jọ ní ikọ̀. Ẹ jẹ́ kí ikọ̀ ìlú kan máa lọ bá ti ìlú kejì. Ẹni tí kò bá tíì gbá a fún àdúgbò rẹ̀ rí, báwo ni yóò ṣe mọ bí a ti í gbá a fún orílẹ̀-èdè?

Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ ní àbá rere nínú àpótí, yálà ti eré ni, yálà ti ọjà ni, yálà ti ìjọ ni tàbí ti ẹgbẹ́ oníṣòwò, àbá tí wọ́n ti sọ fún yín pé kò ṣeé ṣe, ẹ má fi ìwé tí ẹ kọ ọ́ sí pọ́n àkàrà. Ẹ tọ́jú rẹ̀. Ẹ kó ẹ̀rí jọ bí Mary Hardwick Hare ti ṣe. Ẹ fi èyí tí ó wà lọ́wọ́ yín bẹ̀rẹ̀ bí Wightman ti ṣe. Bí ẹ̀yin kò bá tilẹ̀ rí òpin rẹ̀, ẹ gbé e fún ẹni tí yóò rí i.

Ẹ bèèrè. Bí wọn kò bá fún yín, ẹ dá a sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ mi parí.